Ta Ló Já Ife Àgbáyé 1990 Gbà Mọ́ Hugo Sánchez Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Kàdúná, Jos, Minna, àti níbi gbogbo tí a fọ́nká sí, àwọn kan máa ń sọ pé Hugo Sánchez, ọmọ Mẹ́síkò, kì í ṣe ẹni à ń kà mọ́ àwọn àgbà atamátàsé, torí góòlù kan ṣoṣo ló gbá wọlé ní ife àgbáyé. Òótọ́ ni, ẹyọ kan náà ni, Belgium ló sì gbá a sí ní 1986. Ṣùgbọ́n kí a tó dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè: ta ló já ife àgbáyé 1990 gbà mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ná. Ẹgbẹ́ Pumas ti yunifásítì ìlú Mẹ́síkò ló ti bẹ̀rẹ̀, yunifásítì yẹn náà ló sì ti gboyè dókítà eyín. Ní 1981 ó di ẹrù, ó gba Sípéènì lọ, ọ̀dọ̀ Atlético Madrid. Àwọn èrò inú pápá ń pè é ní "Indio" láti fi bú u. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú onílùú, ẹ mọ bí irú ìyẹn ṣe ń rí lára. Ẹsẹ̀ ló fi fún wọn lésì. Ní 1985, òun ló gbá góòlù jù lọ ní líìgì Sípéènì. Ó kọjá sí Real Madrid, ó tún ṣe é ní 1986, 1987, 1988 àti 1990. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra ni Real gba líìgì nígbà tó wà níbẹ̀. Ní sáà 1989 sí 1990 nìkan, góòlù 38 ló gbá wọlé, ó bá Telmo Zarra dọ́gba, ẹni tí iye tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1951.

Sáà yẹn parí báyìí ni ife àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì. Hugo ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣèṣe o, kì í ṣe pé òun àti kóòṣì ń jà. Irọ́ ọjọ́ orí ni.

Ní 1988, àwọn alága bọ́ọ̀lù Mẹ́síkò kó àwọn ọmọ tó ti dàgbà jù sínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n kó wọn lọ sí ìdíje ní Guatemala, wọ́n yí ọjọ́ ìbí wọn padà. Ìwé tí àjọ bọ́ọ̀lù Mẹ́síkò fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ló tú wọn fó, torí ọjọ́ ìbí tòótọ́ ló wà nínú rẹ̀! FIFA fi ọdún méjì lé gbogbo ẹgbẹ́ Mẹ́síkò, àtàgbà àtọmọdé. Wọn ò lọ sí Òlíḿpíìkì Seoul tí wọ́n ti yege fún, wọn ò sì du ife àgbáyé 1990. Ìka kan tọ́ epo, ó ran gbogbo ọwọ́. Nígbà tí Hugo fi máa padà síbẹ̀ ní 1994, ó ti pé ọmọ ọdún 35, orí bẹ́ǹṣì ló wà tí Bulgaria fi fi péńátì lé wọn lọ sílé.

Ẹ má fi Mẹ́síkò rẹ́rìn-ín. Ní 1989, FIFA fi ọdún méjì lé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kan náà, ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé 1991 tí à bá gbà lálejò sì bọ́ sí Pọ́túgà lọ́wọ́.

Síbẹ̀, lónìí, àárín wa níbí, bàbá á mú ọmọ ọdún 19 lọ ṣe ìwé ìbí ọmọ ọdún 15. Kóòṣì á ní "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù" ni. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, pé ọmọ tó bá ti lé ní ogún, ọjà rẹ̀ ti kú. Irọ́ ni! Hugo ti pé ọdún 23 kó tó gbá bọ́ọ̀lù kankan ní Sípéènì. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà tó gbá góòlù 38. Ẹsẹ̀ ló tà, kì í ṣe ìwé ìbí. Yàtọ̀ síyẹn, láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń díje lábẹ́ ọdún 17. Ẹ lè bẹ akọ̀wé, ẹ ò lè bẹ egungun.

Ó tún wá burú fún àwa tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọmọ ẹnì kan, wọn ò ní dárúkọ bàbá rẹ̀. "Àwọn Yorùbá ni" ni wọ́n máa wí, ọmọ aládùúgbò yín tí kò purọ́ lọ́jọ́ orí ni wọ́n sì máa lé kúrò lórí pápá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọjọ́ orí ọmọ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe fún un. Ẹ ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un, ẹ rán an nílé ìwé bíi ti Hugo. Kóòṣì tó bá sì ní ẹ wá dín ọdún rẹ̀ kù, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.