Ọ̀rọ̀ Aṣínà: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Yàn Án?

Àwọn kan ń tẹnu mọ́ ọn káàkiri ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo ìwé àti owó rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára: yálà kí ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ hun ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní páswọ́ọ̀dù, tàbí kí fóònù rẹ̀ bá a hun ún, kí ó sì bá a tọ́jú rẹ̀. Irọ́ ni. Ọ̀nà kẹta wà, kò sì ná ènìyàn ju owó dáìsì lúdò kan lọ.

Kí ọgbọ́n orí kọ́kọ́ wá jẹ́jọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn olè kó ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó lé ní mílíọ̀nù 32 ní ilé iṣẹ́ RockYou ní Amẹ́ríkà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn ni 123456. Ẹni tí ó bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ Adunni2004 kò sàn jù wọ́n lọ. Orúkọ tí gbogbo yàrá mọ̀, àti ọdún tí wọ́n bí i! Bí ó bá sì sọ ọ́ di @dunn1, kò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí pé ẹ̀rọ tí àwọn olè fi ń méfò ti mọ irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bill Burr, tí ó kọ ìlànà fífi àmì àti nọ́ńbà lú ọ̀rọ̀ aṣínà fún NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, sọ ní ọdún 2017 pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. NIST fúnra rẹ̀ pa á tì ní ọdún náà. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ti fóònù ńkọ́? Lóòótọ́, ẹni tí ó ní ọgọ́rùn-ún àkáǹtì kò lè há gbogbo wọn sórí. Ṣùgbọ́n mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ ní tí ó jẹ́ pé bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun gbogbo bàjẹ́? Ímeèlì, báǹkì, àti ojú ewé tí ó ti ń wo èsì ìdánwò. Fóònù kan ṣoṣo tí ó ní ni wọ́n ń já gbà nínú ọkọ̀. Nígbà ìforúkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà oníkáfẹ́ ni ó ń lò. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kí òun bá a pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ó jókòó tẹ̀lé e sì bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ní ọdún 2022, àwọn olè wọ ilé iṣẹ́ LastPass, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n sì kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Títì ni àpótí náà wà, ṣùgbọ́n ègbé ni fún ẹni tí ọ̀rọ̀ tí ó fi tì í kò lágbára. Ètò mìíràn wà tí kì í pa nǹkan kan mọ́, irú PwdHash ti Yunifásítì Stanford, tí ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo àti orúkọ ojú ewé ṣírò ọ̀rọ̀ tuntun. Ta ni yóò wá yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà?

Ohun tí kò ní inú, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni, ni ó yẹ kí ó yàn án. Èyí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Babaláwo kì í yan odù. Ó ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni, ọ̀kan nínú 256 á sì yọjú, ó wù ú, kò wù ú. Irú ọ̀nà yìí ni Arnold Reinhold gbé jáde ní ọdún 1995, tí ó pè é ní Diceware: àkójọ ọ̀rọ̀ 7,776, ìdà dáìsì márùn-ún fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí Ẹ̀ka Yorùbá kò fi ní tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ 1,296 tó; ìdà mẹ́rin ni yóò máa mú ọ̀kan. Bí ẹni kan bá dà á títí ó fi rí mẹ́fà, bí àpẹẹrẹ, ewure osupa igbako jagun ata fere (kí ẹnikẹ́ni má lo èyí tí a tẹ̀ síhìn-ín), ìtàn ẹ̀rín ni yóò dà lọ́kàn rẹ̀, kò sì ní pẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ìmeèlì ní tirẹ̀, kí báǹkì ní tirẹ̀. Bí ojú ewé kan bá fi dandan lé nọ́ńbà, kí ó fi 1 kún un. Agbára kò sí níbẹ̀. Kí ó tó mọ́ ọn lórí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó tì í mọ́ àpótí. Olè orí ayélujára kò lè na ọwọ́ débẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ni àkójọ náà. Kò gbọdọ̀ sí àmì ohùn tàbí ìsàlẹ̀ lẹ́tà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì ń gbà kọ ẹ́ lè yàtọ̀, kí ilẹ̀kùn sì kọ̀ láti ṣí. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ti lọ, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko di ọ̀kan náà. Igbá, ìgbà àti igba bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí irú wọn wọlé.

Wọ́n á ní bí wọ́n bá tẹ àkójọ náà síta, ọwọ́ olè á tẹ̀ ẹ́. Kí ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ mẹ́fà lè gbà tò nínú 1,296 ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́nà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ, olè kò sì sí nínú yàrá nígbà tí dáìsì ń ṣubú.