Ta Ni Ó Ní A Kò Ní Ìwé?

Ó máa ń bí mi nínú bí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi bá ń wí pé kí Crowther tó tẹ ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ní 1843, kò sí gègé nílẹ̀ yìí. Irọ́ ni! Àwọn ààfáà Ìlọrin ti ń fi tàdáwà kọ òfin, gírámà àti ewì. Ẹ wo ọwọ́ wọn, ẹbí ti Timbuktu: àmì fa ń bẹ nísàlẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo sì wà lórí qaf. Síbẹ̀, ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti 868, èyí tí wọ́n ká bí ẹní, tí ó wà ní British Library, ni a ń yìn. (Ní Ládìpọ̀ wa, ọmọ kéú ṣì ń fọ wàláà nítòsí àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.) Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ ní 1964, mélòó nínú wa ló ti débẹ̀? Kí ẹ̀ka èdè Yorùbá fi kíka ọwọ́ yìí sínú ẹ̀kọ́ ọdún kejì, kí ikán tó kà á tán.