Ìwé Ìmúrasílẹ̀ Kò Lè Dípò Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-Ajé

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà tí ènìyàn fi lè gba máàkì yunifásítì láìjókòó sí kíláàsì. Láti ọdún 1967 ni ètò ìdánwò tí wọ́n ń pè ní CLEP ti wà lábẹ́ àjọ College Board. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi odidi sáà kan kọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nípa ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú 90, yóò sì dáhùn ìbéèrè bíi 80. Wọ́n ti to ìdáhùn sí abẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mú èyí tó tọ̀nà. Máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 20 títí dé 80. Bí ó bá gba 50, ìmọ̀ràn tí àjọ American Council on Education fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí wọ́n fún un ní kírẹ́dìtì mẹ́ta. Èyí kì í ṣe irú kírẹ́dìtì ti WAEC tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà mọ̀. Òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìbá fi sáà kan gbáko ṣe ni.

Ìdánwò yìí ló bí ọjà ìwé ìmúrasílẹ̀. Ìwé náà kì í tóbi. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ ní ìlà kan tàbí méjì, fọ́múlà wà nínú àpótí kéékèèké, ìdánwò àfidánrawò méjì tàbí mẹ́ta sì wà lẹ́yìn ìwé. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ojú-ewé mélòó kan kọ́ni bí wọ́n ṣe ń méfò, nítorí pé CLEP kì í yọ máàkì nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Àwọn tó ń rà á kì í ṣe ọ̀lẹ. Sójà ni òmíràn nínú wọn, tí ìjọba ń bá san owó ìdánwò. Òmíràn jẹ́ òṣìṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Houston, tó kó ọmọ mẹ́ta kúrò ní Ìbàdàn tàbí Accra, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ sáà kan ṣoṣo sì lè kó sí gbèsè.

Nítorí náà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yínmú sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé oògùn ìsọ̀yè ló lọ rà, kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Kíláàsì ìpìlẹ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí, tí olùkọ́ kò mọ orúkọ ìdá mẹ́wàá nínú wọn, kì í fi gbogbo ìgbà sàn ju ìwé ìmúrasílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ìwé náà bí ẹni pé òun nìkan ti tó ni ẹ̀bi wọn pọ̀ jù. Wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti dá ìdáhùn mọ̀ nígbà tó bá rí i. Wọn kò kọ́ ọ láti mọ ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí ọ̀rọ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni nípa bí báńkì ṣe ń sọ owó di púpọ̀ lè fi èyí hàn. Báńkì gba 1,000 dọ́là lọ́wọ́ oníbàárà. Òfin ní kí ó pa 10 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́, ó sì yá ẹlòmíràn ní 900 tó kù. Dọ́là 900 náà wọ báńkì mìíràn, 810 tún jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ìwé ìmúrasílẹ̀ kì í dúró sórí àlàyé yìí pẹ́. Ohun tó fi sínú àpótí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi 0.10 pín 1, kí ó rí 10, kí ó fi 10 sọ 1,000 di ìlọ́po, kí ó mú 10,000 nínú àwọn ìdáhùn tó wà nílẹ̀. Ó mú un, ó gba máàkì, ó sì gbà pé òun ti mọ iṣẹ́ báńkì.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2020, Federal Reserve, tí í ṣe báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sọ iye tí òfin ní kí àwọn báńkì pa mọ́ di òdo. Kí ẹni tó kọ́ fọ́múlà sórí wá fi òdo pín 1 wò. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́múlà náà ló ń darí owó ní tòótọ́, owó ì bá kún gbogbo ìlú náà láìlópin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ìgbà ìdàrúdàpọ̀ ọdún 2008 ni owó ìpamọ́ àwọn báńkì níbẹ̀ ti pọ̀ ju iye tí òfin béèrè lọ fíìfíì. Láti oṣù kẹwàá ọdún náà sì ni Federal Reserve ti ń san èlé fún wọn lórí owó ìpamọ́ yìí. Báńkì tó ń rí èlé láìṣe wàhálà kò ní sáré yá ẹnikẹ́ni lówó ní èlé tó kéré sí i. Èlé ló di ìjánu. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dé, Federal Reserve gbé èlé láti ìtòsí òdo ní oṣù kẹta ọdún 2022 lọ sí àárín 5.25 àti 5.50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù keje ọdún 2023. Iye owó ìpamọ́ wà ní òdo tó wà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Fọ́múlà náà kò purọ́. Ó ní irú ètò tó bá mu, ìyẹn ibi tí owó ìpamọ́ àwọn báńkì kò ti pọ̀ ju ohun tí òfin béèrè lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni ìwé ìmúrasílẹ̀ máa ń gé kúrò kí ìwé lè tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tó sì ń ra ògbólógbòó ìwé lọ́jà àlòkù kò ní mọ̀ pé ohun kan ti yí padà.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá tún ní ìṣòro mìíràn. Ní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé iye tí àwọn báńkì gbọ́dọ̀ pa mọ́ lọ sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì, ó sì tún gbé e lọ sí 50 ní oṣù kẹsàn-án. Irinṣẹ́ tí Washington ti fi sápá kan, òun ni Àbújá gbé sókè ní ọdún náà. Kí ló fà á? Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ Áfíríkà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé máa bi ara rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìdáhùn kan tí wọ́n lè tò sí abẹ́ rẹ̀ kí ó fi ìka tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ga ju ohun tí èdè ilé lè gbé lọ. Alájọ tó ń gba owó kiri ọjà lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní owó oníkálukú lọ́wọ́ nígbà tí oṣù bá parí. Owó ọjọ́ kan péré ni tirẹ̀. Bí ó bá yá ẹlòmíràn nínú rẹ̀ tí ọjọ́ sì pé, olè ni ọjà yóò pè é. Ohun tí alájọ kò gbọdọ̀ ṣe yìí gan-an ni iṣẹ́ báńkì. Òfin owó ìpamọ́ ń sọ ìwọ̀n tí báńkì gbọ́dọ̀ fi ṣe bí alájọ, kí ó tó fi ìyókù ṣe òwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè sọ èyí fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó lè tọ́ka sí 10,000 nìkan kò tí ì mọ̀ ọ́n, kódà bí máàkì rẹ̀ bá jẹ́ 80.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn olùkọ́ èdè. Àṣà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé dé Amẹ́ríkà kì í ṣe Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ. Nílé ló ti kọ́ ọ, nídìí ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá WAEC àti JAMB, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tó bi wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Haúsá tàbí ní Twi. Ètò ẹ̀kọ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í pàdánù. Àwọn onímọ̀ ti wá ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n gírámà kọ́ ni oníṣòwò Dùgbẹ̀ ń bá jìjàkadì nígbà tí èlé orí owó bá ga. Àlàyé kúkúrú lórí èlé, owó ìpamọ́ àti ọ̀wọ́n gógó, tí àwọn olùkọ́ èdè àti ti ọrọ̀-ajé jọ kọ, yóò wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ Houston ju ìwé àfidánrawò mẹ́ta lọ.

Àwọn kan yóò ní àkókò kò sí, àti pé ìwé ńlá wọ́n. Ti owó kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́: láti ọdún 2014 ni ìwé OpenStax ti Yunifásítì Rice lórí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. College Board fúnra rẹ̀, tó ń tẹ ìwé ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀, ń tọ́ka akẹ́kọ̀ọ́ sí irú ìwé tí wọ́n ń lò ní kíláàsì. Kí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ dúró di ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi yẹ ara rẹ̀ wò. Ní ti àkókò, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú CLEP gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta kí ó tó lè tún un ṣe, oṣù mẹ́ta yẹn sì tó láti ka ìwé ńlá náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ní ojú-ewé díẹ̀ díẹ̀ lálaalẹ́.