Ọmọ tí ìjọba rán lọ kọ́ṣẹ́, tó padà wá fi iṣẹ́ náà bá wọn fa wàhálà

Ta ni kò mọ CMS Grammar School ní Bàríga? Láti Ṣómólú títí dé Àkókà, àwọn ilé tó ti rán ọmọ lọ síbẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ ló ti wà látilẹ̀ ń tan ara ẹ̀ ni o. Ọdún 1959 ni wọ́n kó ilé ìwé náà wá sí Bàríga. Broad Street, l'Ékòó, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lóṣù kẹfà, ọdún 1859, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, tó fẹ́ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá àkọ́kọ́.

Àwọn yìí ló bí Herbert Macaulay lóṣù kọkànlá, ọdún 1864. Lọ́dún 1877, Herbert wọ ilé ìwé bàbá ẹ̀. Àfi bó ṣe di oṣù kìíní, ọdún 1878, tí ilẹ̀ gbóná mú bàbá náà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Herbert! Síbẹ̀, kò fìwé sílẹ̀, ó kà á títí di 1880.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́ka iṣẹ́ òde ìjọba Èkó. Nígbà tí wọ́n rí i pé orí ẹ̀ pé, wọ́n rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1890 láti kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Ó dé ní 1893, wọ́n sì fi í sídìí wíwọn ilẹ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n àárín wọn ò gún. Wọ́n ní ó ń fi ipò ẹ̀ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá ilẹ̀. Ní 1898, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó ń dá iṣẹ́ ẹ̀ ṣe.

Ibẹ̀ ni wàhálà ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará Èkó, Macaulay ní wọn ò gbà. Wọ́n gba ilẹ̀ Àpápá, wọ́n ní Olóyè Olúwa kọ́ ló ni ín pátápátá, owó táṣẹ́rẹ́ làwọn máa san. Ní 1920, Macaulay bá Olúwa lọ sí London. Nígbà tó di 1921, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ìjọba gbọ́dọ̀ sanwó ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ẹgbẹ́ náà wọlé ìbò l'Ékòó. Òun fúnra ẹ̀ ò lè dupò, torí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú ní 1946, gbogbo Èkó mọ̀ pé òun ni babaàsàlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí Ṣómólú àti Bàríga, ẹ̀yin tí ìjà ilẹ̀ ò ṣàjèjì sí, ẹ fi sọ́kàn: ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ẹ̀, kò sí ìjọba tó lè fi pépà rẹ́ ẹ jẹ.