Ohun tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther Kọ̀: Ọ̀rọ̀ sí Gbogbo Ará Lọ́kọ́jà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò owó fún iṣẹ́ ìwàásù ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. lágbègbè Odò Ọya jókòó ní Onitsha. Samuel Ajayi Crowther ni alága, bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló dojú kọ ọ́. Méjì nínú wọn, Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson, Lọ́kọ́jà wa yìí ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Ẹ̀sùn tí wọ́n gbé wá ni pé àwọn àlùfáà dúdú tí Crowther tọ́ dàgbà jẹ́ oníṣòwò àti oníwà ìbàjẹ́, wọn kò yẹ lẹ́nu iṣẹ́ Ọlọ́run. Eden tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà ní òun láṣẹ láti dá àlùfáà dúró. Bàbá bi í bóyá òun nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó rí i pé etí wọn ti di, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ ro ohun tí èyí ná an. Àwọn òyìnbó ló gbà á kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822. Àwọn ló kọ́ ọ níwèé ní Freetown, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti gba oyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Ẹni tó jẹ gbèsè ọpẹ́ tó báyìí, ahọ́n rẹ̀ kì í yá láti sọ fún olóore rẹ̀ pé, “Èyí tí ẹ ṣe yìí kò dára.” Crowther sọ ọ́. Lójú tèmi, ìgboyà yẹn ju ti ẹni tó ń bá ọ̀tá jà lọ.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ ẹni mímọ́. Àwọn kan ṣẹ̀ lóòótọ́, òun náà sì mọ̀. Ohun tó kọ̀ ni kí á fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan dá gbogbo aláwọ̀ dúdú lẹ́bi, kí á dájọ́ kí a tó pe ẹlẹ́rìí. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi jókòó sípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 1892, Dandeson ọmọ rẹ̀ kéde pé ìjọ Niger Delta yóò dá dúró, yóò sì fi owó ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Ó di ọdún 2014 kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tó tọrọ àforíjì ní gbangba.

Ìwà tí ìgbìmọ̀ hù di òfin ìjọba. Lugard, gómìnà òyìnbó tó gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1900, ló ṣòfin ìlú ti 1917, tó ní kí àlàfo 440 yáàdì wà láàrin ilé òyìnbó àti ilé aláwọ̀ dúdú.

Òyìnbó ti lọ. Kí ló dé tí àwa fi ń ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ síra wa? Káàkiri Nàìjíríà, ọmọ tí wọ́n bí síbì kan, tó kàwé níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ń san owó orí níbẹ̀, yóò dé káńsù, wọ́n á béèrè ìlú bàbá bàbá rẹ̀. Bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú, owó ilé-ìwé lè pọ̀ sí i, iṣẹ́ ìjọba lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nílùú wa yìí, tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira, Núpé, Haúsá àti Yorùbá bá àwọn Ọwọ́rọ̀ onílẹ̀ kọ́, ìyẹn burú jù. Crowther ló dá ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity sílẹ̀ níbí ní 1865. Bó bá wá sí káńsù lónìí, kò ní rí ìwé gbà, nítorí Òṣogùn ni wọ́n ti bí i.

Ẹ̀rù àwọn onílẹ̀ kò jẹ́ asán. Ilẹ̀ wọn àti oyè wọn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tó ń bá wọn du ìyẹn. Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 kọ̀ kí á fi ìbí tàbí ẹ̀yà rẹ́ ọmọ Nàìjíríà jẹ. Òótọ́ ni pé ìwé òfin kan náà ní kí mínísítà jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ tó ń ṣojú fún, ibẹ̀ ni àwọn alátakò sì máa ń sá sí. Ṣùgbọ́n ipò mínísítà yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé ọmọ tálákà.

Ohun tí a ń béèrè ni pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kogí ṣòfin pé ẹni tí wọ́n bí síbí, tàbí tó ti gbé ibí fún ọdún márùn-ún tó sì ń san owó orí, yóò san iye owó ilé-ìwé kan náà pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀, yóò sì dije fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òfin. Ẹ̀yin akọ̀wé káńsù, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ kọ̀ láti béèrè ìlú bàbá bàbá ọmọ. Ẹ̀yin òbí tí ìwé yín pé, ẹ bá aládùúgbò yín tí tirẹ̀ kò pé lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì sọ fún wọn níṣojú rẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò tọ́.