Bàbá ta ni?

Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé n kò ní bá dìjéè kankan jà mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá mi bọ̀ lójú-ìwé yìí mọ ìjà wa: ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń mi àyà arúgbó, àti bí wọ́n ṣe ń gé orin kúrò kí ẹni tó ń jó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Mo ti fara mọ́ gbogbo ìyẹn. Ti Sátidé tó kọjá ní Ìwó níbí ni n kò lè fara mọ́.

Ìkómọ ni. Ọmọkùnrin dìjéè ibẹ̀ fi «Salome» sí i, ara mi yá gágá, mo dìde. Ló bá kígbe pé, "Orin àwọn bàbá wa rèé o!" Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Bàbá ta ni?" Ó ní, "Ẹ ṣáà máa jó, Dádì."

Ẹ má dá mi lóhùn o. Bàbá ta ni?

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, n ó sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ni orin, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti owó ìtanràn tó yẹ ká máa gbà lọ́wọ́ dìjéè.

Èkíní. Isaiah Kẹ́hìndé Dáìró ló ni orin, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní I.K. Dairo. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i ní 1930. Káfíńtà rélùwéè ni bàbá rẹ̀, òun ló sì ṣe ìlù fún un nígbà tó ṣì kéré. Àìsówó kò jẹ́ kó pẹ́ nílé ìwé. Ó ṣe onígbàjámọ̀, ó ta aṣọ, ó ṣe lébìrà. Ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí wa níbí, ó wà nínú ẹgbẹ́ Ọládélé Orò. Ọ̀gá rìnrìn àjò, Dáìró àtàwọn kan bá lọ ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, ni ọ̀gá bá lé e. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Olórin tí ọ̀gá kankan kò lé rí, ara máa ń fu mí sí i.

Onígbàjámọ̀ tó ń fárí fún wa ní Odò-Orí nílùú yìí nígbà èwe mi náà máa ń kọrin. Tó bá ti dé ibi ègbè, abẹ yóò dúró, ìwọ náà yóò fi orí tí wọ́n fá dé ìdajì jókòó dè é títí yóò fi parí. Kò sí ọmọ tó láyà láti ní kó yára. Ṣùgbọ́n kì í kọ orin kan láìdárúkọ olórin. "Ti Dáìró nìyí." "Ti Hárúnà nìyí." Onígbàjámọ̀ lásán-làsàn! Kò ní ẹ̀rọ, kò ní iná aláwọ̀ mèremère, abẹ ló mú lọ́wọ́!

Èkejì. Ní 1957, Dáìró dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, èyí tó wá di Blue Spots. Òun ló gbé àkọ́díọ̀nù, dùùrù tí à ń fà tí à ń fún, wọ inú jùjú. Ó ń ta gìtá, ó mọ gángan lù, òun fúnra rẹ̀ ló ń ronú orin rẹ̀, ó sì mú nínú ìlù àti èdè àwọn Ẹ̀dó, Urhobo, Itsekiri àti Hausa mọ́ tiwa. Àwo kékeré ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin ti parí. Ìlù wà níbẹ̀, ègbè wà níbẹ̀, òwe wà níbẹ̀. Dìjéè tiwa yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́ta náà kígbe orúkọ ara rẹ̀! Ẹ̀kẹta, owó ìtanràn. Dìjéè tó bá fi orin sí i láìdárúkọ olórin, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ǹ bá bu lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún Dáìró, nítorí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá dárúkọ rẹ̀ nígbà tó fún un ní oyè MBE ní 1963. Kí a tún fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e nítorí Hárúnà Ìṣọ̀lá: Dáìró tó jẹ́ aládùúrà àti Mùsùlùmí alápàlà yìí jọ dá ilé iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀ kí olórin lè jẹ nínú òógùn ara rẹ̀. Kí a sì fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Seattle kún un! Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí kò rówó kàwé yìí ni Yunifásítì Washington ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, gbà pé kó wá kọ́ni, kò ju bí ọdún kan tàbí méjì lọ kó tó kú ní 1996. Àwọn ọmọ òyìnbó mọ orúkọ rẹ̀. Àwa tí à ń gbé ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú ìlú bàbá rẹ̀, "orin àwọn bàbá wa" la mọ̀.

Ìlú odíderẹ́ ni wọ́n ń pe Ìwó. Odíderẹ́ lè sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láìmọ ẹni tó ni ín, ẹyẹ ni, kò sẹ́ni tó máa bu owó ìtanràn lé e. Èèyàn tó gba owó iṣẹ́ ńkọ́, tó tún jẹ àmàlà?

Wọ́n ti pè mí sí ìgbéyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀. Dìjéè kan náà ni wọ́n háyà. Mo ti bẹ bàbá ìyàwó pé kó fún mi ní tábìlì tó sún mọ́ ẹ̀rọ, mo sì ti ń ṣẹ́ owó sí wẹ́wẹ́, torí mo mọ̀ pé yóò ní òun kò ní ṣéńjì.