Ìyá Tó Ń Ṣarán Kì Í Ṣe Àjẹ́

Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń pe ìyá àgbà kan ní àjẹ́ nítorí pé kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Àìsàn ni o! Bí ọjọ́ bá ti ń lọ lórí ẹni, okùn tó so apá kan ọpọlọ mọ́ òmíràn máa ń dẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń mú bàbá ẹni 80 ọdún wá awò ojú rẹ̀ títí nìyẹn, kó tó rántí. Ti àrùn Alzheimer, tó ń mú kí àgbà máa ṣarán, kọjá bẹ́ẹ̀. Hippocampus, níbi tí ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá apá ẹ̀yìn ọpọlọ ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́. Ìyá á jẹ àmàlà tán, á fọwọ́, á sì búra pé òun kò tíì fẹnu kan nǹkan. Kò parọ́. Ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, tó jáde ní 2001, rí i pé iyè rírà, tí àrùn Alzheimer jẹ́ ọ̀kan lára oríṣi rẹ̀, ń mú bí 13 lọ́dún nínú 1,000 àgbàlagbà ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bíi 32 ni. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wòlíì kankan tó fẹnu bà á lórúkọ jẹ́.